Oògùn Ilé, Oògùn Ọsibítù: Èwo Ni Ká Máa Lò?

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí, wọ fámásì wa, ọmọ ọmọ wọn ọkùnrin tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. A ò tíì kíra tán tí wọ́n fi da láílọ́ọ̀nù dúdú kan sórí kántà. Káàdì oògùn, ìgò, àpò bébà kékeré tí wọ́n fi bírò fa ìlà sí lára, gbogbo rẹ̀ tú jáde bí ìgbà téèyàn da àgbàdo sílẹ̀.

"Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ mi. Ọjọ́ kẹfà rèé tí mo ti ọsibítù dé, òòyì ò jẹ́ n dìde, ẹsẹ̀ mi sì wú."

Ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ibà ló gbé wọn dé ọsibítù, wọ́n lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀, wọ́n sì kó oògùn bọ̀ nílé. Mo ṣa àwọn oògùn náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Oríṣi mẹ́sàn-án ni. Mo wá ń ka ara páálí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àfi bí mo ṣe rí i pé méjì nínú wọn, èyí tí wọ́n ti ń lò nílé tẹ́lẹ̀ àti èyí tí wọ́n gbà bọ̀, oògùn kan náà ni. Amlodipine ni méjèèjì, 10 mg ni èkíní, 10 mg ni èkejì. Páálí kan pupa, èkejì funfun, orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sára wọn ò sì jọra rárá. Láràárọ̀ ni màmá ń gbé méjèèjì mì. Bẹ́ẹ̀, 10 mg lóòjọ́ ni òpin ibi tí àgbàlagbà ń lò ó dé. Ẹsẹ̀ wíwú àti òòyì tí wọ́n ń rojọ́ rẹ̀, ohun tí oògùn yẹn máa ń ṣe gan-an nìyẹn tó bá pọ̀ lára.

Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Dókítà kọ oògùn tó yẹ, màmá lo ohun tí wọ́n ní kí wọ́n lò. Oògùn ilé wà, oògùn ọsibítù wà, kò kàn sí ẹni tó gbé méjèèjì síwájú ara wọn ni. Láti ọdún tí mo ti ń dúró nídìí kántà yìí, ẹnu ọ̀nà ọsibítù ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ oògùn ti máa ń dàrú jù: ìgbà téèyàn ń wọlé, àti ìgbà tó ń jáde. Nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, bẹ̀rẹ̀ ètò wọn lórí jàǹbá oògùn ní 2017, ìgbà tí aláìsàn bá ń kúrò níbì kan bọ́ sí ibòmíràn wà lára ohun mẹ́ta tí wọ́n ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè dojú kọ. Nítorí náà, ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ọmọ kan, orúkọ mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Ọmọ Ẹ̀gbá kan lè ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kí ìyá àgbà máa pè é ní Àjọkẹ́, kí wọ́n sì máa pè é ní Dorcas ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àlejò tó bá gbọ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan náà á rò pé ọmọ mẹ́ta ló wà nínú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn rí. Ó ní orúkọ àbísọ, ìyẹn orúkọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ gan-an. Ó tún ní orúkọ ọjà, èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún un. Norvasc, amlodipine ni. Glucophage, metformin ni. Lasix, furosemide ni. Coartem, Lonart àti Amatem, artemether àti lumefantrine ló wà nínú gbogbo wọn.

Orúkọ ọjà ni wọ́n máa ń fi lẹ́tà ńlá kọ. Orúkọ àbísọ á wà lábẹ́ rẹ̀, wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ èèrà. Èyí tó wẹ́wẹ́ yẹn ni kí ẹ máa kà. Bí ojú ò bá gbé e mọ́, ẹ fi fóònù ya á, kí ẹ wá fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Tí orúkọ àbísọ páálí méjì bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ má tíì lo méjèèjì pọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tàbí apòògùn ná.

Paracetamol ni kí ẹ ṣọ́ jù. Òun ló wà nínú Panadol, ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn, ó sì wà nínú àwọn oògùn ara ríro alápòpọ̀. Hóró mẹ́jọ oní-500 mg láàárín wákàtí 24 ni òpin fún àgbàlagbà tára rẹ̀ le. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ẹni tó lo hóró méjì méjì fún orí fífọ́, tó tún lo ti ọ̀fìnkìn, tó tún ra ti ara ríro nígbà tó ń kọjá ní Láfẹ́nwá, kò ní mọ ìgbà tó ti fo ààlà. Ẹ̀dọ̀ ló ń jìyà rẹ̀, ẹ̀dọ̀ kì í sì í tètè ké.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ dání

Tí wọ́n bá ń gbé èèyàn lọ sí ọsibítù, aṣọ, owó àti káàdì la máa ń rántí. Ẹ rántí oògùn náà. Yálà Ìdí-Àbà lẹ ń lọ ni o, tàbí Ìjàyè, tàbí Lántòrò níbi tí ọsibítù Sacred Heart ti wà láti 1895, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa bi yín: oògùn wo lẹ ń lò? "Èyí tó funfun róbótó yẹn" kì í ṣe èsì. Ọ̀pọ̀ oògùn ayé yìí ló funfun, tó sì rí róbótó. Ẹ kó páálí wọn sínú àpò, kí ẹ gbé e lọ: ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti àtọ̀gbẹ, oògùn ojú, èyí tẹ́ ẹ fi ń sùn lálẹ́, abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí, fítámì tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Tí oògùn kan bá ti ṣe yín níjàǹbá rí, tó jẹ́ kí ara yín lé tàbí kí ojú yín wú, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ.

Àgbo ńkọ́? Ibí yìí ni àwọn èèyàn ti máa ń pa irọ́. Abẹ́òkúta la wà, ewé àti egbò ò wọ́n wa. Ẹni tí kò mu àgbo ibà rí nínú wa, bóyá ló pọ̀. Tí dókítà bá béèrè, wọ́n á ní "rárá o, sà", wọ́n á sì máa wo ilẹ̀. Lóòótọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan máa ń jágbe mọ́ni tí wọ́n bá gbọ́ ọ. Kò dáa, mo sì ti sọ ọ́ lójú àwọn kan lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n jágbe, kí ẹ ṣáà ti sọ ọ́. Àgbo tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, tó bá pàdé oògùn àtọ̀gbẹ bí abẹ́rẹ́ insulin tàbí hóró glibenclamide, ṣúgà lè já wálẹ̀ débi tí èèyàn á fi máa làágùn, tí ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, tí á máa sọ̀sọkúsọ. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, tó bá pàdé metronidazole tí gbogbo wa mọ̀ sí Flagyl, ó lè mú kí èèyàn máa bì kíkankíkan. Dókítà tí kò mọ̀ pé àgbo wà níbẹ̀ á máa wá àìsàn tí kò sí kiri.

Tí wọ́n bá ti wá gbà yín sí wọ́ọ̀dù, ẹ má ṣe máa yọ́ lo tilé lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ fi han nọ́ọ̀sì. Ó lè jẹ́ pé oògùn ọ̀hún náà ni wọ́n ń fún yín láàárọ̀, tẹ́ ẹ wá ń tún un lò lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dúró ti aláìsàn, ẹ̀yin tí wọ́n ń fún ní bébà pé kí ẹ sáré lọ ra oògùn wá. Ẹ ya bébà náà sí fóònù kí ẹ tó fún olóògùn. Orúkọ tó wà lára bébà àti èyí tó wà lára páálí, ẹ fi wọ́n wéra, kí ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀ náà: 5 mg kì í ṣe 10 mg. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Tó bá ní ibi tí wọ́n ń ha, ẹ ha á, kí ẹ fi nọ́ńbà inú rẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí wọ́n kọ sára páálí. Tí wọ́n bá sọ pé "a ò ní èyí, àmọ́ ẹ mú eléyìí, ìkan náà ni", ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè má jẹ́ òótọ́. Ẹ pe wọ́ọ̀dù kí ẹ tó sanwó.

Wọ́n dá oògùn mi dúró, ṣé ó ti tán ni?

Kì í ṣe gbogbo oògùn tí wọ́n bá dá dúró ní wọ́ọ̀dù ló dúró títí láé, ohun tó sì ń rú àwọn èèyàn lójú jù nìyí. Ẹni tó ń bì tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru, ìfúnpá rẹ̀ lè ti wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Dókítà lè ní kó sinmi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣe dáadáa lásìkò yẹn, wọ́n lè dá metformin rẹ̀ dúró kí wọ́n máa fi insulin tọ́jú ṣúgà rẹ̀. Oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn geere náà, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò kí abẹ tó dé, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya. Tí ìdí tí wọ́n fi dá a dúró bá ti kọjá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló yẹ kó padà. Ọjọ́ wo? Ìbéèrè yẹn ni kò sẹ́ni tó ń béèrè. Àwọn kan á dé ilé, wọ́n á gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pátápátá fún oṣù mẹ́ta. Àwọn mìíràn á tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dé, nígbà tí ara ò tíì gbà á.

Ìdàkejì rẹ̀ ni ti ibà líle. Abẹ́rẹ́ artesunate ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó kéré tán fún wákàtí 24 àkọ́kọ́. Tí aláìsàn bá ti lè gbé nǹkan mì, wọ́n á fún un ní oògùn oníhóró fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko láti parí iṣẹ́ náà. Hóró yẹn ni àwọn èèyàn máa ń jù sínú dúrọ́ọ̀. "Abẹ́rẹ́ ti pa ibà náà." Kò tíì pa á tán. Tó bá jẹ́ artemether àti lumefantrine ni, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ń lò ó: ìkejì á tẹ̀ lé ìkíní lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ó di àárọ̀ àti alẹ́ fún ọjọ́ méjì tó kù. Ẹ fi oúnjẹ tó lọ́ràá sí i. Àkàrà dára, mílíìkì dára, ọ̀bẹ̀ elépo náà dára. Ọ̀rá ló ń ràn án lọ́wọ́ láti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kọ tútù nìkan ò lè ṣe é.

Ọjọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ sílé

Mo mọ bí ọjọ́ yẹn ṣe máa ń rí. Ẹnì kan ń sanwó, ẹnì kan ń wá mọ́tò, ẹnì kan ti ká ẹní. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ò tún fẹ́ gbóòórùn Izal mọ́. Láàárín rúkèrúdò yẹn ni nọ́ọ̀sì á ti na oògùn sí yín, tí á ní "èyí méjì lẹ́ẹ̀mẹta, èyí ọ̀kan lálẹ́", gbogbo yín á sì dáhùn pé "a ti gbọ́, mà".

Ẹ má tíì lọ. Ẹ jókòó. Ẹ kó oògùn ilé àti oògùn ọsibítù síwájú wọn, kí ẹ béèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé ká máa lò ó lọ, ṣé ká dá a dúró, àbí ẹ ti yí ìlò rẹ̀ padà? Èyí tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dá dúró, ẹ béèrè bóyá ó máa padà àti ìgbà wo. Èyí tó jẹ́ tuntun, kí la fi ń wò, ọjọ́ mélòó la ó sì lò ó? Kí ẹni tó mọ̀wé nínú yín kọ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn, kí ó sì kà á padà sí wọn létí. Ẹ lè ní ojú ń tì yín. Iṣẹ́ wọn ni.

Ẹ wo ara àpò bébà yẹn náà. "2x3" kì í ṣe mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Hóró méjì ni, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. "Lẹ́ẹ̀mẹta" náà kì í ṣe ìgbà tébi bá ń pa yín. Tó bá jẹ́ oògùn tó ń pa kòkòrò, ẹ gbìyànjú kí àárín wọn jẹ́ nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ. Mo mọ ẹnì kan tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ló ń jẹun lóòjọ́, ẹ̀ẹ̀kan ló sì ń lo oògùn, torí wọ́n sọ fún un pé kó máa lò ó lẹ́yìn oúnjẹ.

Tí owó oògùn bá ga jù, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀. Kò burú. Ìyẹn sàn ju kí ẹ ra ìdajì, kí ẹ sì máa fi ọjọ́ kan lò, fi ọjọ́ kan fò. Ọ̀pọ̀ oògùn ló ní òmíràn tó ń jẹ́ orúkọ àbísọ kan náà, tí owó rẹ̀ kéré. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ètò ìlera ìjọba, NHIA, nípasẹ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn tó wà nínú ìwé wọn ló ń san. Ẹ sì béèrè èyí: tí oògùn yìí bá tán kí ọjọ́ ìpadàbọ̀ tó pé ńkọ́? Oògùn ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sábà máa ń rà dání, ìpàdé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n dá fún wọn. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru á wá jókòó fún oṣù kan láìlo nǹkan kan, á ní òun ń retí dókítà.

Nílé

Ara yíyá kì í ṣe àmì pé kí èèyàn dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Oògùn náà ló jẹ́ kí ara yá. Prednisolone, oògùn tí wọ́n máa ń kọ fún ikọ́ fée àti oríkèé wíwú, tún burú jù bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, torí ara ti sùn lọ lórí iṣẹ́ tí oògùn ń bá a ṣe. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń fà á wálẹ̀.

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá lisinopril àti oògùn tó ń lé omi jáde lára, kó jìnnà sí oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac tí wọ́n ń tà bíi gúgúrú. Wọ́n lè ti ìfúnpá sókè, tí lisinopril, oògùn omi àti ọ̀kan nínú wọn bá sì pàdé, kíndìnrín lè gbọgbẹ́. Oògùn omi yẹn, àárọ̀ ni kí ẹ lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo òru lẹ ó fi máa lọ sí ilé ìtọ̀.

Insulin: èyí tí ẹ ò tíì ṣí, inú fìríìjì ni, kì í ṣe inú firísà. Èyí tí ẹ ti ṣí lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ooru ò bá mú un. Ooru ni ìṣòro wa, àpáta tó yí wa ká nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń yá oòrùn ni. Tí iná ò bá sí, ẹ wá ìkòkò amọ̀ méjì, kí ẹ gbé kékeré sínú ńlá, kí ẹ da yanrìn tútù sí àárín wọn, kí ẹ máa bu omi rin ín. Ẹ di insulin sínú láílọ́ọ̀nù tí omi ò lè wọ̀, kí ẹ gbé e sínú kékeré. Ọgbọ́n àmù àwọn ìyá wa náà ni.

Tí ẹ bá gbàgbé àkókò kan, ẹ lò ó bí ẹ ṣe rántí, àfi tí òmíràn bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ẹ má ṣe ìlọ́po méjì. Ẹni tó fẹ́ gba ààwẹ̀, ti Ramadan tàbí ti orí òkè, kó lọ bá dókítà kí ààwẹ̀ tó wọlé. Wọ́n lè yí wákàtí oògùn padà, ó sì lè jẹ́ oògùn mìíràn ni wọ́n máa fún un. Oògùn tó ti kọjá ọjọ́, ẹ má fi pamọ́ de àlejò. Ẹ kó o wá sí fámásì.

Ti màmá Ìtòkú ńkọ́? A pe dókítà wọn lójú ẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ọ̀kan nínú amlodipine méjèèjì sílẹ̀, kí wọ́n sì wá fún un wò ní ọjọ́ Ajé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ wíwú náà ti ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún yà, wọn ò gbé láílọ́ọ̀nù dúdú mọ́. Páálí bíntín kan ni, ọmọ ọmọ wọn ti kọ oògùn márùn-ún tó kù sára rẹ̀ gàdàgbà, ó ya oòrùn síwájú ti àárọ̀, ó ya òṣùpá síwájú ti alẹ́. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo bi wọ́n pé ṣé ó tán.

Màmá wo ọmọ, ọmọ wo màmá.

"Àgbo ọjọ́rú yẹn," ọmọ náà ní.

Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n bo ẹnu. "Kọ ọ́," ni wọ́n wí, "kọ ọ́ síbẹ̀."